Kọ̀ǹpútà Tí Kùdírátù Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Wọ̀n

Ìwọ̀n kan wà nílé Kùdírátù ní Alief, ìwọ̀n onírin tó ní ìkọ́ lẹ́nu, irú èyí tí àwọn apẹja fi ń wọn ẹja. Ọkọ rẹ̀, Ùsáínì, ló rà á lọ́dún 1990, lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà ní pápákọ̀ òfuurufú nítorí pé ó wúwo jù. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó fẹ́ lọ sílé nínú ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àdúgbò wọn tí kì í wá yá a. Wọ́n á so àpò kọ́ ọ, wọ́n á gbé e sókè, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ibi tí ọwọ́ ìwọ̀n náà dé, ẹlòmíràn á máa pariwo pé, "Yọ bàtà yẹn kúrò! Yọ ọṣẹ yẹn kúrò!" Kùdírátù ló ń tọ́jú ìwọ̀n náà. Inú dúrọ́ọ̀ àwọn ìborùn rẹ̀ ló ń fi í sí, ó sì máa ń mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkúùgbà.

Ìwó ni wọ́n ti bí i. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó wá bá ọkọ rẹ̀ ní Houston lọ́dún 1988. Nígbà tó dé, ó bá Ùsáínì nílé, ìwé kíkà rẹ̀ ti dúró sójú kan, nítorí pé ìjọba ìpínlẹ̀ tó rán an wá kò fi owó ránṣẹ́ mọ́. Kùdírátù ní kí ó parí tirẹ̀ ná. Ó gba iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lápá Brays Oaks, ó ń ṣe ti òwúrọ̀, ó ń ṣe ti ìrọ̀lẹ́, fún ọdún méjì ààbọ̀, títí Ùsáínì fi gba ìwé ẹ̀rí, tó sì rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìwé ẹ̀rí náà, Ùsáínì bọ́ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ náà, ó gbé e kọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

"Ó ku tìẹ, Àjíkẹ́," ó fi oríkì pè é. "Lọ́jọ́ tó bá kàn ẹ́, èmi ni mo máa gbé àpò ìwé ẹ."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Kùdírátù nínú débi pé ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó ṣì rántí bí ó ṣe sọ ọ́.

Láàárín ọdún mẹ́fà náà, ó bí ọmọ méjì, Ramlat àti Adnan, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kó ráyè. Ohun tó wá lé e lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe ìdùnnú. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1995, ìyá arúgbó kan fẹ́ ṣubú ní balùwẹ̀, Kùdírátù sì fi apá ọ̀tún gbà á mú. Arúgbó kò fara pa, èjìká ẹni tó gbà á mú ló yẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fi èjìká náà gbé ohunkóhun tó bá ju ìwọ̀n pọ́n-ùn márùn-ún lọ mọ́. Wọ́n gbé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ gbígbé aláìsàn, wọ́n fi í sídìí fóònù, wọ́n sì sọ fún un pé tó bá fi di ọdún méjì sí i, ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí nínú títọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn nìkan ló máa jókòó síbẹ̀. Ó lọ forúkọ sílẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1996 ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà gba kí wọ́n máa tẹ iṣẹ́ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Olivia, kì í gba èyí tí a fi ọwọ́ kọ. Yàrá kọ̀ǹpútà kọ́lẹ́ẹ̀jì sì máa ń kún fọ́fọ́ láti ọ̀sán. Aago mẹ́ta ni Kùdírátù ń kúrò níbi iṣẹ́, aago mẹ́fà ni kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní kí òun lọ sílé kí òun tó padà, orí freeway ni gbogbo wákàtí náà á tán sí. Inú mọ́tò rẹ̀, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló máa di yàrá ìkàwé rẹ̀, láti ibẹ̀ sí kíláàsì sì tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò lè bá a gbé irú ayé yìí. Alágbèéká ló ń fẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn márùn-ún lọ. Owó tó sì fi ọdún kan kó jọ kò ju ẹgbẹ̀ta dọ́là lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé nígbà náà, bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń fúyẹ́ sí i ni owó rẹ̀ ń wúwo sí i.

Làdíátù ló ń bá a wá a kiri. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé nínú apartment kan náà. Ní daycare ló ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, òun ló sì dúró ti Kùdírátù lọ́jọ́ tó bí Adnan, nígbà tí Ùsáínì wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n ń jáde, ìwọ̀n onírin náà á sì wà nínú báàgì Kùdírátù. Ní ilé ìtajà ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà wò wọ́n títí, ó wá béèrè bóyá ìjọba ló rán wọn wá yẹ ọjà wò.

"Ìwọ Kùdí," Làdíátù sọ ní Yorùbá, "ṣé ẹran àgbò lo wá rà ni? Ó kù kó o ní kí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ ṣe ènì."

"Máa rín in. Èjìká mi ni mò ń rajà fún, kì í ṣe tìẹ."

"Wọ́n sáà kọ ọ́ sára ẹ̀: pọ́n-ùn mẹ́rin."

"Àwọn tó kọ ọ́ kọ́ ló máa gbé e."

Kùdírátù so kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà níwájú wọn kọ́ ìwọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà. Ọmọkùnrin náà ṣàlàyé pé wọn kò ka báńtìrì mọ́ ohun tí wọ́n kọ.

"Ẹ gbọ́ ná," Làdíátù ní, "tí kò bá sí báńtìrì, ṣé ẹnu la ó máa fi fẹ́ ẹ kó tó tàn?"

Láti ọjọ́ náà, Kùdírátù kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ìwọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú báńtìrì, pẹ̀lú àpò tí wọ́n máa gbé e sí. Ó rí èyí tó fúyẹ́ tí bọ́tìnnì rẹ̀ kéré bí hóró ìrẹsì. Ó rí èyí tó fúyẹ́, ṣùgbọ́n tí ìdè ojú rẹ̀ ti já, tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ó rí èyí tó dára lójú méjèèjì, tí owó rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là. Ó rọra gbé e padà síbi tó ti mú un bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n wọ ìsọ̀ kékeré kan ní Bellaire, ti ọkùnrin ará Vietnam kan tó ń ta kọ̀ǹpútà táwọn ilé iṣẹ́ ti lò sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín nígbà tó rí ìwọ̀n. Ó lọ sẹ́yìn, ó gbé ọ̀kan jáde tí kò tóbi ju wàláà ọmọ ilé kéwú lọ. Ojú rẹ̀ kì í fi àwọ̀ hàn, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Kò sì ní ibi tí wọ́n ń ki díìsì sí. Ẹnu díìsì rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ní okùn tirẹ̀, tí ẹni tó bá fẹ́ lò ó á wá so mọ́ ọn. "Ìdí tó fi fúyẹ́ nìyẹn," ọkùnrin náà ní. Kùdírátù so kọ̀ǹpútà náà kọ́ ìwọ̀n. Pọ́n-ùn mẹ́rin àti díẹ̀. Ó ní kí Làdíátù wá bá òun kà á, Làdíátù kà á, ibì kan náà ni wọ́n bá a. Ó nájà títí ọkùnrin náà fi gba ẹgbẹ̀ta dọ́là ó dín ogún. Làdíátù ló gbé e jáde fún un.

"Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ!" ó pariwo lójú títì. "Ọ̀gá mi, tẹ́ ẹ bá di ńlá tán, ẹ má gbàgbé èmi tí mo bá yín gbẹ́rù o."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni kọ̀ǹpútà náà lò lọ́wọ́ Kùdírátù. Inú mọ́tò ló ti kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ sórí rẹ̀, ojú ewé mẹ́ta, nípa arúgbó tí wọ́n fún lóògùn ẹlòmíràn nítorí pé ẹnì kan kò kọ orúkọ dáadáa. Ohun tó ti ṣojú rẹ̀ ni. Ẹnu díìsì náà wà nílé, nínú dúrọ́ọ̀ ìborùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n.

Lọ́sẹ̀ náà, Làdíátù ń múra láti lọ wo ìyá rẹ̀ nílé. Ọjọ́ Sunday ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ máa gbéra. Ní àárọ̀ Friday, Kùdírátù gbé ìwọ̀n fún Ùsáínì pé kí ó bá òun já a sọ́dọ̀ Làdíátù tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

"Gbé laptop yẹn náà wá," Ùsáínì ní. "Ọ̀gá kan wà níbi iṣẹ́ wa, ó ní òun á bá mi fi ètò ìkọ̀wé tuntun sí i. Ọ̀fẹ́ ni."

Kùdírátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó méjèèjì sínú àpò kan ṣoṣo, ẹnu díìsì kò wá sí i lọ́kàn, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò ìwé bó ṣe ṣèlérí.

Nírọ̀lẹ́, Ùsáínì pẹ́ nínú mọ́tò nísàlẹ̀ kó tó gòkè wá.

"Ìyá Ramlat, wọ́n ti ṣí mọ́tò mi. Wọ́n ti gbé e lọ."

"Kí ni wọ́n gbé?"

"Laptop."

"Ṣé wọ́n fọ́ gíláàsì ni?"

"Rárá. Bóyá mo gbàgbé láti tì í."

Kùdírátù fa àga, ó jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ọkọ rẹ̀, tó rí bó ṣe rọ̀ wọ̀ọ̀, àánú rẹ̀ ló ṣe é. "Ẹ má da ara yín láàmú," ó ní. "Ohun tó bá ti lọ, kí Ọlọ́run gbà á ní sàráà. Ṣé ẹ̀yin náà ò fara pa? Alihamudulilahi." Ó gbé oúnjẹ fún un. Ẹran tó tóbi jù ló bù fún un, nítorí pé ẹni tí olè jà kì í fẹ́ jẹun.

Ọ̀rọ̀ tàn ká. Ní mọ́sáláṣí, àwọn obìnrin ń kí i kú àdánù, ó ń ṣe àmín. Ó sọ fún Olivia pé olè gbé kọ̀ǹpútà òun, Olivia sì gbà kí ó máa fi ọwọ́ kọ iṣẹ́ wá títí àwọn ọlọ́pàá á fi rí i. Nígbà tí Làdíátù dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé ìwọ̀n padà wá pẹ̀lú gààrí àti èlùbọ́.

"Mo gbọ́, Kùdí," ó ní. "Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á fi èyí tó sàn jù ú lọ rọ́pò." Ojú rẹ̀ wà lára gààrí, ó ń tú okùn ẹnu àpò rẹ̀.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, fóònù dún. Ìyá Ùsáínì ni, láti Ìwó.

"Àjíkẹ́! Àjíkẹ́ ọmọ dáadáa! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Màmá. Ẹ kú ọ̀sán níbẹ̀, mà."

"Má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́, owó ń lọ. Mo ní kí n fi ẹnu ara mi dúpẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà dé o. Kabir ò sùn lọ́jọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó ní òun bá orúkọ ẹ nínú ẹ̀, níbi tí o ti kọ nǹkan. Ùsáínì sọ fún wa pé ìwọ lo yàn án, pé ìwọ lo gbé ìwọ̀n kiri ìlú nítorí kó lè ṣeé gbé wálé. Ta ni ìyàwó rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún un rí nínú àwọn ẹgbẹ́ mi? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣaláìrí."

Abdulkabir tí wọ́n ń pè ní Kabir ni àbúrò Ùsáínì, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn.

Kùdírátù di fóònù mú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀bùn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi pa mọ́. Ẹni tó gbà á á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, á tún kí wọn kú oore àná. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ùsáínì ti lò ní Amẹ́ríkà. Ó bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, ó gbàgbé ọpẹ́.

Kí ni ó máa wá sọ? Ìyá arúgbó dúró ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń san owó pe fóònù, àwọn èrò tò sẹ́yìn rẹ̀, ó ń yìn ín létí wọn. Ta ni yóò sọ fún un níbẹ̀ pé ohun tó ń dúpẹ́ rẹ̀, jíjí ni wọ́n jí i?

"Kò tó nǹkan, Màmá," ẹnu rẹ̀ sọ. "Ẹ má dúpẹ́ mọ́."

"Ó ku nǹkan kékeré kan o. Kabir ní ẹnu tí wọ́n ń ki díìsì sí kò sí nínú ẹrù. Bóyá o gbàgbé ẹ̀ ni. Bá a fi rán ẹni tó bá ń bọ̀, ìyàwó mi."

Ùsáínì ń de okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí Kùdírátù wọ yàrá.

"Màmá pè."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ń dúpẹ́."

Ọwọ́ Ùsáínì dúró lórí okùn bàtà. Kò gbójú sókè.

"Ẹ ò bi mí léèrè," Kùdírátù ní.

"Tí mo bá bi ẹ́, tó o bá ní rárá ńkọ́?"

"Mi ò bá ní rárá."

"O rí i. Kabir ti fi ọdún kan pẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọkọ ẹ lòun náà. Amẹ́ríkà la wà, òmíràn ò ní ṣòro fún wa láti rí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi ra òmíràn yẹn fún un?"

"Èyí tó fúyẹ́ ló ṣeé gbé! Làdíátù ní ẹrù òun ti kún, ó ku pọ́n-ùn márùn-ún péré."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Kùdírátù dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì tí kò mọ èyí tí yóò jẹ́.

"Tó bá di oṣù kìíní, màá ra òmíràn fún ẹ," Ùsáínì ní.

"Ẹ má rà á."

Kùdírátù kò bá a jà. Ó wọ bàtà, ó wa mọ́tò lọ sí ilé Làdíátù. Làdíátù fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo gbé e lọ."

Làdíátù kò béèrè pé kí ni. "Ọkọ ẹ ló gbé e wá, Kùdí. Ó ní ẹ ti jọ sọ ọ́."

"Lọ́jọ́ tó o gbé gààrí wá, tó o ní kí Ọlọ́run fi èyí tó sàn jù ú lọ rọ́pò, ṣé a ti jọ sọ ọ́ nígbà yẹn?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n dé láti ìrìn àjò kí n sì máa tú ilé onílé ká? Mo rò ó títí. Mo ní kí n fi sílẹ̀ fún ọkọ àti ìyàwó."

"Ìwọ̀n ta ni o fi wọ̀n ọ́n?"

Làdíátù dákẹ́. Kùdírátù kò rí i kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìwọ̀n ẹ."

"Ó tó mélòó?"

"Kùdí, jọ̀ọ́."

"Mo ní ó tó mélòó."

"Mẹ́rin àti díẹ̀. Bó o ṣe wí gẹ́lẹ́."

Kùdírátù yí padà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi mọ́tò. Làdíátù ń pè é láti òkè, ó ń pe orúkọ rẹ̀ tán pátá, Kùdírátù, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ẹnu díìsì jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ó lè fi í pa mọ́. Láìsí i, kò sí ohun tuntun tí wọ́n lè fi sínú kọ̀ǹpútà náà, iṣẹ́ inú rẹ̀ kò sì lè jáde. Ó gbé e lé itan. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ ìnura wé e, ó dì í sínú páálí, ó sì jókòó kọ lẹ́tà. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pe Abdulkabir lórúkọ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni nígbà náà. Akọ̀wé ló sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ṣe ń sọ àwọn tó bá nílé lórúkọ. Ó kọ ọ́ báyìí:

"Akọ̀wé mi, ẹnu díìsì tí ẹ béèrè nìyí. Èmi ni mo fi í fún yín, ọwọ́ mi ni mo fi dì í. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, èmi kọ́ ni mo fún yín, ọpẹ́ rẹ̀ kò sì tọ́ sí mi. Ẹ má bínú sí mi pé mo sọ ọ́. Ẹ máa fi kàwé. Ojú ewé mẹ́ta kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì mi. Ẹ má pa á rẹ́. Bí ẹ bá rí ibi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ bá mi fi ránṣẹ́."

Ní ọjọ́ Ajé, ó fi páálí náà sílẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Kò fi rán ẹnikẹ́ni. Lẹ́nu iṣẹ́, ó bẹ ẹnì kan pé kí wọ́n jọ pààrọ̀ àárọ̀ Sátidé, kí òun lè máa lọ dúró ní yàrá kọ̀ǹpútà kọ́lẹ́ẹ̀jì kí ó tó kún. Ẹni náà ní òun á rò ó. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ó jókòó sínú mọ́tò, ó fi ìwé àjákọ ti ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, ó sì ń fi pẹ́ńsù kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà títí ọwọ́ fi ń ro ó dé èjìká.

Olivia pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Kùdírátù, ṣé kò sí ìròyìn kankan lórí kọ̀ǹpútà rẹ?"

Kùdírátù wo obìnrin náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń bá ọkọ rẹ̀ pa irọ́ fún un láìmọ̀. Kò fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ pa òmíràn.

"Wọ́n ti rí i," ó ní. "Ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹbí mi."

Olivia pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ wo oríire! Inú mi dùn fún ọ gan-an. Ó dára bẹ́ẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tí o bá tẹ̀ ni màá máa gbà."

Kùdírátù ní òun ti gbọ́. Ó lọ jókòó síbi ìjókòó rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ kúrò léjìká. Ìwé àjákọ kan àti pẹ́ńsù méjì ló wà nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ tó pọ́n-ùn méjì. Síbẹ̀ èjìká náà ń ro ó. Ó fi ọwọ́ òsì dì í mú títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.